Nígbà Tí Àárò Ilé Ń Pa Jagunjagun

Ẹni tí ó bá gbé láàrin àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbà díẹ̀ yóò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nostalgia lẹ́nu wọn láìmọye ìgbà. Bí àgbàlagbà kan bá gbọ́ orin tí ó gbòde nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, tí ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ tí omi dà lójú rẹ̀, nostalgia ni wọ́n ń pe ohun tí ó dé bá a. Bí ìyá kan bá ṣí àpótí tí ó rí àwòrán ilé-ìwé tí ó ti jáde láti ogójì ọdún, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àwọn oníṣòwò pàápàá sì ti mọ̀ pé bí a bá fi àwọ̀ àtijọ́ kun agolo bisikíìtì, owó yóò tètè jáde lápò ẹni tí ó mọ agolo náà ní kékeré. Ohun dídùn tí ó ní ìkorò díẹ̀ nínú ni wọ́n kà á sí, kò sì sí ẹni tí ń bẹ̀rù rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, inú ìwé àwọn oníṣègùn ni a kọ ọ́ sí, ẹ̀gbẹ́ ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn ni ó wà, ó sì pa àwọn ọmọkùnrin tí eegun wọn le, tí ìbọn kò rí pa. Bí ó ṣe kúrò nínú ìwé àrùn tí ó bọ́ sí ẹnu àwọn olórin àti oníṣòwò ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé nínú ìtàn náà ni a ti rí bí àwọn kan ṣe rí àánú gbà nígbà tí àárò ilé sọ wọ́n, tí àwọn mìíràn, tí àwọn baba ńlá tiwa wà nínú wọn, kò sì rí i.

Ní ìlú Basel, ní ilẹ̀ Switzerland, ní ọdún 1688, ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Johannes Hofer, ọmọ ìlú Mulhouse, tí kò ju ọmọ ọdún 19 lọ, kọ ìwé ẹ̀kọ́ ìṣègùn rẹ̀ ní èdè Látìnì, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà. Àwọn ará Switzerland tí ń sọ èdè Jámánì ti ní orúkọ tí wọ́n ń pe àárò ilé tipẹ́tipẹ́, Heimweh. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹnu ọjà ni, àwọn oníṣègùn kì í sì í ka àrùn sí àrùn bí kò bá ní orúkọ Gíríìkì tàbí ti Látìnì. Hofer mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì, èyí tí í jẹ́ pípadà sílé àti èyí tí í jẹ́ ìrora, ó so wọ́n pọ̀, ó sì di nostalgia. Ó dá àwọn orúkọ mìíràn pẹ̀lú, tí wọ́n gùn tí wọ́n sì ṣòro láti pè, ṣùgbọ́n ayé kò gbà wọ́n.

Méjì nínú àwọn aláìsàn tí Hofer kọ nípa wọn kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti mọ ìtàn wọn. Èkíní jẹ́ ọmọ ìlú Bern tí ó wá kàwé ní Basel. Láti ìlú kan dé èkejì kò ju ìrìn ọjọ́ mélòó kan lọ, síbẹ̀ ọkàn ọmọ náà kò balẹ̀. Ìbànújẹ́ ni ó kọ́kọ́ mú un, lẹ́yìn náà ibà dé, àyà rẹ̀ ń já, ara rẹ̀ ń joro, títí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ ń bọ́. Ibi tí wọ́n ti ń retí ikú ni wọ́n ti pe apoògùn kan pé kí ó wá rọ oògùn sí i nídìí. Ọkùnrin náà wò ó, ó sì sọ fún wọn pé kì í ṣe oògùn ni ọmọ yìí ń fẹ́ bí kò ṣe ilé, àti pé bí wọn kò bá gbé e padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀, yóò kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọmọ tí kò lè gbé orí sókè, bí ó ti rí i pé wọ́n ń di ẹrù òun, ó mí kanlẹ̀. Wọ́n gbé e sọ́nà, wọn kò sì tíì jìnnà sí ìlú tí ara rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í mókun. Kí wọ́n tó wọ Bern, ó ti san.

Èkejì jẹ́ ọmọbìnrin ará oko tí ó já bọ́ láti ibi gíga, tí kò mọ ẹni tí kò mọ ènìyàn fún ọjọ́ mélòó kan, tí wọ́n sì gbé lọ sí ilé-ìwòsàn ìlú. Iyè rẹ̀ sọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ó la ojú tí ó rí i pé àárín àwọn arúgbó tí òun kò mọ̀ rí ni òun dùbúlẹ̀ sí, ó kọ oúnjẹ, ó tu oògùn dànù, kò sì sí ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni lè bi í tí ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe gbólóhùn kan ṣoṣo náà, pé ilé ni òun ń lọ. Àwọn òbí rẹ̀ wá gbé e. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, láìlo ewé, láìlo egbò, ó dìde. Àjò kì í dùn kí onílé má relé ni àwọn àgbà wa máa ń wí. Ní Basel, ọ̀rọ̀ náà di ìwé oògùn, nítorí pé lẹ́yìn gbogbo ìwẹ̀nù àti ìmúsùn tí Hofer kà sílẹ̀, ó gbà pé bí aláìsàn bá ṣì lè gbé ìrìn, kí wọ́n tètè dá a padà sílé ni ìwòsàn tòótọ́.

Àlàyé rẹ̀ nípa ohun tí ń fa àrùn náà kò yẹ ní ohun tí à ń pẹ́ lórí rẹ̀: ó gbà pé inú ọpọlọ ni àwòrán ilé wà, àti pé agbára tí ń gbé ara ró a máa rìn léraléra lójú ọ̀nà kan ṣoṣo náà, títí tí kò fi ní ráyè bójú tó ikùn àti ọkàn mọ́. Johann Jakob Scheuchzer ti ìlú Zürich, ẹni tí ó mọ òkè ilẹ̀ wọn bí ẹní mowó, kò fẹ́ kí a máa sọ pé ọkàn àwọn ará ilé rẹ̀ kò le. Nítorí náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1700, ó sọ pé afẹ́fẹ́ ni ó jẹ̀bi. Ó ní afẹ́fẹ́ orí òkè fúyẹ́, ti pẹ̀tẹ́lẹ̀ wúwo, ó sì ń tẹ ara àwọn ará òkè mọ́lẹ̀ débi pé ẹ̀jẹ̀ wọn kò lè lọ geere. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé bí ọmọ ogun kò bá lè padà sílé, kí wọ́n gbé e gun orí òkè tàbí ilé-ìṣọ́ gíga kan ní ibi tí ó bá wà. Àwa tí a mọ̀ lónìí pé afẹ́fẹ́ kò mọwọ́ mẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín rẹ̀, nítorí ó kéré tán, ó gbà pé ohun tí ń ṣe àwọn ọmọ náà kì í ṣe ojo.

Ìdí tí ó fi jẹ́ pé ara àwọn ará Switzerland ni a ti kọ́kọ́ sọ àrùn náà lórúkọ ni pé ilẹ̀ wọn nígbà náà kò lọ́rọ̀. Òkè ni, yìnyín ni, ilẹ̀ tí ọkọ́ lè wọ̀ kò tó nǹkan, àwọn ọmọkùnrin wọn sì ń ta agbára wọn fún àwọn ọba òkèèrè, ọba Faransé pàápàá, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun àgbàṣe; ẹ̀ṣọ́ tí ń ṣọ́ Póòpù ní Róòmù títí di òní, ọmọ Switzerland ni wọ́n. Ẹni tí ó ń da màlúù lórí òkè ní àná ni ó ń ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà ààfin lónìí, láàrin àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Orin kan wà tí àwọn darandaran wọn fi ń pe màlúù, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní Ranz des vaches. Jean-Jacques Rousseau, tí í ṣe ọmọ ìlú Geneva, kọ ọ́ sínú ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ orin tí ó ṣe ní 1768 pé wọ́n ka orin yìí léèwọ̀ láàrin àwọn ọmọ ogun náà, ikú sì ni ìyà ẹni tí ó bá fi fèrè fọn ọ́, nítorí pé àwọn tí wọ́n bá gbọ́ ọ á bú sẹ́kún, á sá kúrò lójú ogun, tàbí kí wọ́n kú. Ó fi kún un pé kò sí agbára kankan nínú ohùn orin náà fúnra rẹ̀, pé ẹni tí kò bá tibẹ̀ wá lè gbọ́ ọ kí ó má mira. Ohun tí ó rán etí létí ni ó ń ṣiṣẹ́.

Kò ṣòro fún Yorùbá láti gba èyí gbọ́. Ẹni tí a bá kì ní oríkì orílẹ̀ rẹ̀ ní ìlú àjèjì, tí wọ́n pè é ní ọmọ Ìkòyí Ẹ̀ṣọ́ níbi tí kò ti rò pé ẹnikẹ́ni mọ òun, orí rẹ̀ yóò wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ní gbà á dúró mọ́ níbi tí ó wà. Bí a bá sì kà á sí pé ọ̀ràn ikú ni fún ẹni tí ó ki í, a óò mọ bí ẹ̀rù ti ba àwọn balógun náà tó.

Nígbà tí ó ṣe, ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ̀wé ní èdè wọn ni Joseph Banks, onímọ̀ ewéko tí ó bá James Cook rìn nínú ọkọ̀ Endeavour. Wọ́n ti kúrò ní England láti ọdún 1768. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1770, nígbà tí wọ́n kọjú sí ọ̀nà Java, Banks kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé àárò ilé, tí àwọn oníṣègùn sọ di àrùn tí wọ́n ń pè ní nostalgia, ti wọ àwọn atukọ̀ lára, tí ó fi jẹ́ pé ekukáká ni a fi lè rí ẹni tí ó bọ́ nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí Cook, Dókítà Solander àti òun fúnra rẹ̀, nítorí pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní iṣẹ́ tí ó gba ọkàn wọn. Mo rò pé Banks ríran jìnnà níhìn-ín ju ọ̀pọ̀ oníṣègùn lọ. Ẹni tí ó fúnra rẹ̀ yan àjò, tí ó mọ ohun tí òun ń wá lọ, àárò kì í tètè borí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n kàn fi ṣe apá àti ẹsẹ̀ nínú àjò ẹlòmíràn ni ó máa ń dá dùbúlẹ̀.

Nínú ogun tí àwọn Faransé jà lẹ́yìn tí wọ́n dojú ìjọba ọba dé, ìlú há débi pé ní 1793 ìjọba fi òfin de gbogbo ìsinmi tí wọ́n ń fún ọmọ ogun tí ara rẹ̀ kò yá láti lọ gbádùn nílé. Àrùn kan ṣoṣo tí wọ́n yọ sílẹ̀ nínú òfin náà ni nostalgia. Ẹ jẹ́ kí á ro ó wò dáadáa: ìjọba tí ó ń bẹ́ orí ènìyàn lójoojúmọ́ ní gbàgede ìlú gbà pé ọmọ tí àárò ilé ń pa, kí ó máa lọ sílé. Nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, láti 1861 sí 1865, àwọn oníṣègùn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ kọ orúkọ àrùn yìí sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun tí ó lé ní 5,000, wọ́n sì ka 74 sí ẹni tí ó kú nípa rẹ̀. Oníṣègùn kan láàrin wọn, Theodore Calhoun, kọ̀wé ní 1864 pé kí àwọn ẹlẹgbẹ́ aláìsàn máa fi í ṣe ẹlẹ́yà, pé ẹ̀rín àti ogun jíjà ni yóò lé àárò náà lọ. Mo kórìíra ìmọ̀ràn náà. Ọmọ ọdún méjìdínlógún tí kò kúrò ní oko baba rẹ̀ rí, tí ó ń gbọ́ igbe àwọn tí wọ́n ń gé lẹ́sẹ̀ nínú àgọ́ kejì, kò yẹ ní ẹni tí à ń fi ṣẹ̀sín.

Ọdún 1793 tí àwọn Faransé ń dá àwọn ọmọ wọn padà sílé yìí kan náà ni Luís António de Oliveira Mendes kọ ìwé kan síwájú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ní Lisbon, nípa ìyà tí ń jẹ àwọn ẹrú tí wọ́n ń kó láti ilẹ̀ Áfíríkà lọ sí Brazil. Nínú àwọn àrùn tí ó kà ni èyí tí wọ́n ń pè ní banzo. Ẹni tí banzo bá mú kì í sọ̀rọ̀. Yóò jókòó, yóò káwọ́ mọ́ra, kò ní jẹ, kò ní mu, ìyà kò ní mú un jẹun, ẹ̀bẹ̀ kò ní mú un jẹun, títí tí yóò fi kú. Mendes mọ ohun tí ń fà á, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kedere: ìrántí àwọn ẹbí àti ilẹ̀ ẹni, ìfẹ́ ẹni tí a fi sílẹ̀, àti ríronú lọ ríronú bọ̀ lórí òmìnira tí ó ti lọ. Ohun tí ó ṣe àkàlàmàgbò tí ó fi dẹ́kun ẹ̀rín rínrín, bí ó bá ṣe igúnnugún, yóò wokoko mórí ẹyin ni. Àárò tí ó mú ọmọ Bern kò yàtọ̀ sí èyí tí ó mú ẹrú nínú oko ìrèké, bóyá ti ẹrú tilẹ̀ fi ìlọ́po mẹ́wàá pọ̀ jù, nítorí pé òkun wà láàrin òun àti ilé, kò sì sí ọ̀nà tí ó lè gbà padà. Àwọn kan nínú wọn a máa jẹ erùpẹ̀, olówó wọn a sì fi ìbòjú irin dè wọ́n lẹ́nu, nítorí pé owó ni ó ń kú lọ. Gbogbo ohun tí ọgọ́rùn-ún ọdún ìṣègùn ti kọ́ àwọn aláwọ̀ funfun nípa àárò ilé, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ìwòsàn rẹ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ìwòsàn náà tọ́ sí ni wọ́n kọ̀ láti mọ̀.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí Ọ̀yọ́ Ilé dàrú, tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kan, tí àwọn ọmọ wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé Bahia ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Nàgó, àti Cuba, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Lukumí, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lójú omi ni wọ́n já sí Sàró. Ẹnikẹ́ni kò sanwó ọkọ̀ fún wọn láti padà wálé. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n dáwó jọ ní Freetown ní 1839, tí wọ́n ra ọkọ̀ tí ìjọba gbà lọ́wọ́ àwọn akóniẹrú, tí wọ́n sì tukọ̀ wá sí Àgbádárìgì. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti kó ènìyàn kúrò nílé ni wọ́n wọ̀ wálé.

Àjàyí Crowther wà lára àwọn tí wọ́n tẹ̀lé wọn. Òṣóògùn ni wọ́n ti kó o ní 1821, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Wọ́n tà á lọ, wọ́n tà á bọ̀, títí tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi gbà á ní 1822. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, nígbà tí ó ti di àlùfáà, ó dé Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà ni ìyá rẹ̀, Àfàlà, tí ó ń gbé ní ìlú kan nítòsí, wá rí i. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kọjá. Ìyá arúgbó náà gbọ̀n nígbà tí ó rí i. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ojú ara wọn, kò sí ẹni tí ó lè fọhùn nínú wọn, omijé sì ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ ìyá tí ó ti hun. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Nínú ìròyìn tí Crowther kọ ránṣẹ́ sílùú Òyìnbó, kò pe ohun tí ó ti ń ṣe òun àti ìyá rẹ̀ láti ọdún wọ̀nyí wá ní àrùn, ṣùgbọ́n Hofer ì bá dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àrùn náà ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Rélùwéè àti ọkọ̀ onísítíìmù sọ ọ̀nà jíjìn di kúkúrú, lẹ́tà ń tètè dé, àwọn oníṣègùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí kòkòrò nínú ara àwọn tí wọ́n ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé àárò ni ó pa wọ́n. Síbẹ̀ ó pẹ́ kí ó tó tán: ní 1909 Karl Jaspers, tí ó di gbajúmọ̀ onímọ̀ èrò ní ẹ̀yìn ọ̀la, ṣì kọ ìwé oyè ìṣègùn rẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì lórí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ kéékèèké tí wọ́n fi ṣe agbọ́mọ nílé onílé, tí àárò mú wọn débi tí wọ́n fi dáná sun ilé, tàbí kí wọ́n pa ọmọ tí a fi lé wọn lọ́wọ́, kí a bàa lè lé wọn padà sọ́dọ̀ ìyá wọn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gba ọmọ ọlọ́mọ sílé ní Ìbàdàn tàbí Èkó lónìí ì bá ṣe dáadáa bí ó bá mọ ìtàn yẹn.

Lára àwọn tí ó kọ́kọ́ rí i pé ọ̀rọ̀ náà yóò kúrò lórí ilé ni Immanuel Kant, ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò ní ìlú rẹ̀, Königsberg, títí tí ó fi kú. Ní 1798 ó kọ̀wé pé àwọn ará Switzerland wọ̀nyí, bí wọ́n bá padà délé tán, ìjákulẹ̀ ni wọ́n ń bá, ìjákulẹ̀ náà ni ó sì ń wò wọ́n sàn; wọ́n rò pé ìlú ni ó ti yí padà, bẹ́ẹ̀ ìgbà èwe wọn ni wọn kò lè rí mọ́. Láti ìgbà náà ni nostalgia ti ń ṣí kúrò ní ọ̀dọ̀ ibi tí a ti wá, tí ó ń lọ sí ọ̀dọ̀ ìgbà tí ó ti kọjá. Ìgbà tí ó fi máa di àárín ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ènìyàn. Ní àwọn ọdún tí ó sún mọ́ wa yìí, Constantine Sedikides àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Southampton ti ṣe ìwádìí tí ó fi hàn pé ó ń dín ìdánìkanwà kù, ó sì ń jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé òun ní ẹni. Àrùn ti di oògùn.

Àwọn Àgùdà tiwa, àwọn tí wọ́n padà wálé láti Brazil, ti mọ ọ̀nà méjèèjì, àárò ibi àti àárò ìgbà, kí àwọn ọ̀mọ̀wé tó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí Nàgó ṣe ní Bahia ní oṣù kìíní ọdún 1835, ìjọba lé ọ̀pọ̀ jáde, àwọn mìíràn tí wọ́n ti fi owó ra ara wọn padà sì tún sanwó ọkọ̀ wálé, sí Èkó, sí Ouidah, sí Àjàṣẹ́ tí í ṣe Porto-Novo. Ilé tí àárò rẹ̀ ti ń pa wọ́n ni wọ́n dé, ṣùgbọ́n bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. Kò pẹ́ tí àárò Bahia fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wọ́n ní Pópó Àgùdà ní Èkó: wọ́n ń jẹ orúkọ da Silva àti Pereira, wọ́n ń sọ èdè Potogí nínú ilé, wọ́n ń se frejon, ẹ̀wà tí a lọ̀ tí a fi omi àgbọn sè, ní ọjọ́ Ẹtì tí a ń rántí ikú Jésù, wọ́n sì ń gbé Kareta jáde ní ìgbà ọdún. Ní Àjàṣẹ́, àwọn ọmọ wọn ṣì ń ṣe ọdún Bonfim, tí í ṣe ọdún àwọn ará Bahia, ní oṣù kìíní, pẹ̀lú agọ̀ Buriyan. Àwọn tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí nínú wọn kọ́ mọ́ṣáláṣí ńlá kan sí ìlú náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, iṣẹ́ ọnà tí wọ́n sì ṣe sí ojú rẹ̀ fi ara jọ ti ìlú Salvador ní Bahia tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò tí ó bá kọ́kọ́ rí i lókèèrè a máa rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni.